Ibi tí Omi Ń Gbà: Ìtọ́jú Ilẹ̀ Àgbàlá Adìẹ Lákòókò Òjò ní Alímọ̀ṣọ́

Ilẹ̀ àgbàlá adìẹ kì í bàjẹ́ lójijì. Ojoojúmọ́ ni adìẹ ń su sí i, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fi èékánná tú u padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn àti ẹsẹ̀ adìẹ fúnra wọn ló ń tún ilẹ̀ náà ṣe: ìgbẹ́ á gbẹ, á fọ́, á pòórá sínú erùpẹ̀, ẹni tó bá sì ń kọjá lẹ́yìn fẹ́ńsì lè má mọ̀ pé adìẹ wà níbẹ̀. Òjò ló ń tú àṣírí. Bí omi bá ti wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde, ìgbẹ́ tó gbẹ lánàá á tún rọ̀, ilẹ̀ á di ẹrẹ̀, òórùn á dìde, eṣinṣin á dé, àwọn òròmọdìẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í su ẹ̀jẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olùsìn adìẹ ń wá ohun tí wọ́n máa dà sí i: eérú, láìmù, Izal, àpò èérún pákó kan. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé àti èyí tó lè gbà jáde ni àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun àti oògùn, ẹ̀yìn pátápátá ni tiwọn.

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò fara mọ́ iye náà, ó ní àwọn tí òun kà lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí ó wù kí ènìyàn gbà nínú méjèèjì, ohun tó jẹ́ ti adìẹ nínú rẹ̀ ni pé ilẹ̀ kò sí. Púlọ́ọ̀tì tí wọ́n sábà ń tà ní Èkó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 120 ní gígùn, ìlàjì rẹ̀ sì ni agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn ká. Bí ilé, sọ́kàwéè, kànga tàbí bóhóòlù, àti ibi ìgbọ́kọ̀sí bá ti gba tiwọn, ohun tó kù fún adìẹ kì í ju igun kan lẹ́yìnkùlé lọ, láàárín ògiri ilé àti fẹ́ńsì. Àwọn ìwé òyìnbó máa ń gbani níyànjú pé kí olùsìn máa ṣí ilé adìẹ káàkiri orí koríko, kí ibi tí wọ́n ti kúrò lè sinmi. Ìmọ̀ràn gidi ni fún ẹni tó ní pápá. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ibo ni wọ́n ń ṣí i lọ?

Òjò Èkó ní orí méjì. Èyí àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó sì ń le sí i títí dé oṣù kẹfà àti ìkeje. Oṣù kẹfà ló ń rọ̀ jù. Kì í ṣe ohun tuntun kí òjò rẹ̀ nìkan lé ní 300 mílímítà. Ìsinmi díẹ̀ máa ń wà nínú oṣù kẹjọ, kí orí kejì tó dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Àwọn ọjọ́ kan tún wà tí òjò kò mọ ìwọ̀n: ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, èyí tó rọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní 200 mílímítà, omi wọ ilé, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Iye mílímítà wọ̀nyí ṣòro fojú rí títí dìgbà tí ènìyàn bá sọ ọ́ di lítà. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan gééré. Àgbàlá tí kò ní òrùlé, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, tó gùn ní mítà márùn-ún, á gba 1,000 lítà nínú òjò 50 mílímítà. Dúrọ́ọ̀mù márùn-ún nìyẹn. Bí òrùlé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá tún ń da omi apá kan rẹ̀ sínú àgbàlá náà, tí apá ọ̀hún sì tó 60 mítà onígun mẹ́rin, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn ti wọlé. Adìẹ tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Adìẹ ẹlẹ́yin kan ń su bí i 120 gíráàmù lójúmọ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ omi. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, omi tó ń ti ara wọn bọ́ sílẹ̀ lójúmọ́ kò tó lítà méjì, kò tó pọ́ọ̀ wátà mẹ́rin. Dúrọ́ọ̀mù ogún láti òkè, pọ́ọ̀ wátà mẹ́rin láti ìdí adìẹ: ẹni tó bá di ẹ̀bi ẹrẹ̀ ru adìẹ ti dá ẹjọ́ èké.

Òkè ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi òrùlé ń wọ àgbàlá adìẹ, kó lọ wo ilẹ̀ lábẹ́ etí páànù. Lẹ́yìn òjò mẹ́ta mẹ́rin, ihò kéékèèké á ti tò gbọọrọ níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ kòtò páànù kọ̀ọ̀kan. Òkúta wẹ́wẹ́ á ti hàn nínú wọn nítorí pé omi ti fọ erùpẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ á sì ti ta sára ògiri dé ìwọ̀n orúnkún. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà ihò yẹn àti ògiri lè gbẹ. Èyí tó wà níwájú ìlà náà ni omi ń bá jà. Bí àgbàlá adìẹ bá bọ́ síwájú ìlà yìí, kò sí ohun tí wọ́n dà sí i tó máa ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ. Gọ́tà òrùlé ni kí wọ́n so. Kò di dandan kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù: páìpù PVC oní-ínǹṣì mẹ́fà tí wọ́n fi ayùn là sí méjì, tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ gbé sábẹ́ etí páànù, tí ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí apá kan, ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Omi rẹ̀ lè bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù fún fífọ nǹkan, kí àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ sì gba ìta lọ.

Àgbàlá náà fúnra rẹ̀ nílò òrùlé. Páànù àlòkù tí wọ́n tú kúrò lórí ilé tó ń gba àtúnṣe kì í wọ́n, ó sì sàn ju tapólì lọ. Tapólì máa ń tẹ̀ láàárín; omi á gbá jọ síbẹ̀ títí yóò fi ya tàbí títí igi tó gbé e ró yóò fi dá. Kí etí páànù yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, nítorí pé òjò Èkó kì í bọ́ lóròó nìkan. Èyí tó ń bá ìjì rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò sábà máa ń ti apá ìlà-oòrùn wá; èyí tó ń rọ̀ fún wákàtí púpọ̀ ní oṣù kẹfà sì ń bá atẹ́gùn òkun bọ̀ láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá bo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yóò rí i pé òjò ti gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ta aṣọ tàbí ọ̀rá yí gbogbo àgbàlá ká títí òjò ọdún yóò fi tán. Atẹ́gùn ló ń gbẹ ilẹ̀, fẹ́ńsì búlọ́ọ̀kù gíga tó yí ilé Alímọ̀ṣọ́ ká sì ti dín atẹ́gùn náà kù tẹ́lẹ̀. Wáyà nẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó jẹ́ ògiri àgbàlá. Kí aṣọ ìdènà máa sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí òjò ń gbà lọ́wọ́, kí wọ́n sì ká a sókè bí òjò bá ti dá.

Lẹ́yìn omi òkè ni omi ilẹ̀. Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe oríṣi kan. Orí òkè ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù àti Ìpájà, erùpẹ̀ pupa ló pọ̀. Omi ń wọ inú rẹ̀ bí kò bá tíì dì, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ adìẹ bá tẹ̀ ẹ́ fún oṣù mélòó kan, ojú rẹ̀ á le, omi á sì dúró lórí rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lọ sí ojú odò, bí i apá kan Ìgàndó àti Ìjẹ́gun, omi abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gòkè wá nígbà òjò. Ìdánwò kan wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n gbẹ́ ihò tó jìn tó igbọ̀nwọ́ kan, kí wọ́n da omi kún un. Bí omi náà bá lọ láàárín wákàtí kan tàbí méjì, ojú ilẹ̀ nìkan ló nílò ìtọ́jú. Bó bá sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì, tàbí tí omi ti sun jáde nínú ihò náà kí wọ́n tó bu omi sí i, a jẹ́ pé gbígbé ni kí wọ́n gbé ilẹ̀ náà sókè, àìṣe bẹ́ẹ̀ lásán ni gbogbo iṣẹ́ yòókù.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè kò le. Ìlà kan búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì mẹ́sàn-án yí àgbàlá ká ti tó. Nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tàbí gíránáìtì, orí rẹ̀ ni ṣáàpù sáàǹdì ní ìwọ̀n ínǹṣì mẹ́fà. Ṣáàpù sáàǹdì ni o, kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ pupa tí típà ń já sílẹ̀ fún dídí kòtò. Yẹ̀pẹ̀ yẹn dára lábẹ́ ilé nítorí pé ó ń dì. Ohun tó sọ ọ́ di dáadáa lábẹ́ ilé ló sọ ọ́ di ẹrẹ̀ lábẹ́ adìẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á da iyanrìn tó mọ́ rekete sínú àgbàlá tí búlọ́ọ̀kù yí ká, láìdá ihò kankan sí ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù náà. Ọpọ́n ìwẹ̀ ni wọ́n kọ́ yẹn. Ní òjò kẹta, omi á gòkè nínú iyanrìn náà, òórùn rẹ̀ á sì burú ju ti ẹrẹ̀ àtijọ́ lọ, nítorí pé ìgbẹ́ ti wà nínú omi tí atẹ́gùn kò dé. Ihò ìjáde omi gbọ́dọ̀ wà ní apá tó rẹlẹ̀ jù, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú rẹ̀ kí eku má baà gbà á wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kọnkéré dípò iyanrìn, kó jẹ́ kó rẹlẹ̀ ní bí i sẹ̀ǹtímítà méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan sí apá kan. Kọnkéré rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi sílẹ̀ ní ìhòòhò. Àtẹ́lẹsẹ̀ adìẹ á ha, á wú.

Omi tó bá jáde kò gbọdọ̀ di wàhálà ẹlòmíràn. Àṣà àtijọ́ tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu pátápátá: ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì mẹ́ta ní ibi tí omi àgbàlá adìẹ ti ń jáde á fa omi náà mu, á sì jẹ ọ̀rá ìgbẹ́ inú rẹ̀. Kànga ni kí wọ́n ṣọ́ jù. Ìmọ̀ràn tí àwọn elétò ìlera sábà máa ń fúnni ni pé kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ibi ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo gígùn púlọ́ọ̀tì kan kò ju mítà 37 lọ. Nítorí náà, bí kànga bá wà níwájú, ẹ̀yìn pátápátá ni adìẹ ń gbé, ní apá tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ti kànga lọ. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, omi kànga náà kì í ṣe omi mímu mọ́, ì báà mọ́ gaara.

Ìgbà tí omi bá ti ní ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ohun ìtẹ́lẹ̀ tó kàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Èkó ni èérún pákó, tí gbogbo ayé ń pè ní sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì, àti èyí tí ẹ̀rọ káfíńtà fá jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ló dára jù nínú méjèèjì. Atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀, kì í sì í tètè dì. Èérún tó kúnná bí ìyẹ̀fun máa ń di pátápátá bó bá rí omi, òròmọdìẹ sì máa ń ṣà á jẹ bí oúnjẹ. Èèpo ìrẹsì kì í fa omi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tètè gbẹ, ó sì wúlò bí wọ́n bá pò ó mọ́ ti káfíńtà. Koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro kò ní àyè níbẹ̀ rárá nígbà òjò. Jíjẹrà ló ń jẹrà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nípa èérún pákó ni ìgbà tí wọ́n ń rà á. Ní sọ́míìlì, ìta gbangba ni òkìtì rẹ̀ máa ń wà, bó ti rí ní Òkòbàbá ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta fún ọdún pípẹ́. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹfà kó tó lọ rà á, èérún tí òjò ti pa ló máa rù bọ̀, tó ti ń gbóná nínú àpò, tí ebu funfun tàbí àwọ̀ eérú sì ti ń hù nínú rẹ̀. Ebu yẹn kì í ṣe eré: eruku rẹ̀ tó ń fò ń wọ ẹ̀dọ̀fóró òròmọdìẹ, wọ́n á sì máa fẹnu mí títí wọn á fi kú. Oṣù kìíní sí ìkẹta, nígbà tí ọyẹ́ àti oòrùn ti gbẹ gbogbo nǹkan, ni kí wọ́n ra ti gbogbo ọdún, kí wọ́n kó o sínú àpò oúnjẹ adìẹ tó ti ṣófo, kí wọ́n sì tò ó sórí pákó lábẹ́ òrùlé. Kí wọ́n tún béèrè irú igi tó jẹ́. Igi tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa lára kì í ṣe ohun tí adìẹ ń tẹ̀, nítorí pé ohun tó lè pa ikán kò yẹ ní ohun tí adìẹ ń ṣà jẹ.

Ínǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí ohun ìtẹ́lẹ̀ ga. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bó ṣe rí. Ẹni tó ń tọ́jú àgbàlá á bu ẹ̀kúnwọ́ kan ní àárín, kì í ṣe ní ojú òkè, á fún un dáadáa, á sì la ọwọ́. Bó bá tú ká wẹ́rẹ́ tí ìwọ̀nba rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀, ó dára. Bó bá dúró bí òkèlè ẹ̀bà, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù. Bó bá fò bí eruku tó sì ń múni sín, ó ti gbẹ jù, ìyẹn náà sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ibi mẹ́ta ni kí wọ́n ti bù ú wò: ẹ̀bá ibi omi mímu, abẹ́ ibi tí adìẹ ń bà lé sùn, àti ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ti ń bẹ̀rẹ̀, tí àárín àgbàlá bá tilẹ̀ gbẹ. Ibi tó bá ti dì bí àkàrà, kí wọ́n má ṣe tú u mọ́ ìyókù. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ń fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn. Ọ̀rinrin ni wọ́n ń pín káàkiri. Gígé ni kí wọ́n fi ṣọ́bìrì gé e, kí wọ́n kó o jáde, kí wọ́n fi tuntun dí àyè rẹ̀. Ìyókù ni kí wọ́n fi réèkì tú lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lọ́sẹ̀, tàbí kí wọ́n wọ́n àgbàdo díẹ̀ sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí adìẹ fúnra wọn tú u. Adìẹ Nóílà àti adìẹ ìbílẹ̀ kì í ṣọ̀lẹ nínú iṣẹ́ yìí.

Òórùn tó ń gúnni nímú nínú àgbàlá tútù ni amóníà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é jáde nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ìgbẹ́ adìẹ, iṣẹ́ wọn sì ń yá sí i bí ọ̀rinrin àti ooru bá ti ń pọ̀. Bó bá ti dé ìdá 25 nínú mílíọ̀nù afẹ́fẹ́, ó ti ń ba ojú àti ọ̀nà ọ̀fun adìẹ jẹ́, àrùn èémí á sì rí ilẹ̀kùn gbà wọlé. Imú ẹni tó ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Imú àlejò sàn jù. Bí kò bá sí àlejò, kí olùsìn lóṣòó sílẹ̀ nínú àgbàlá ní ìdájí, kí imú rẹ̀ bá ti adìẹ dọ́gba, kó sì mí. Bí ojú rẹ̀ bá ń ta, ojú àwọn tó sun ibẹ̀ mọ́jú ti ń ta tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ eérú àti láìmù wọlé níbí, nítorí pé ìgbàgbọ́ ènìyàn nínú wọn pọ̀ ju agbára wọn lọ. Méjèèjì ń lé amóníà jáde kúrò nínú ìgbẹ́ tútù kíákíá, nítorí náà òórùn á le sí i lọ́jọ́ tí wọ́n dà wọ́n sílẹ̀, ojú adìẹ á sì ta. Láìmù wúlò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti kó ìgbẹ́ kúrò lórí rẹ̀, tí adìẹ kò sì sí níbẹ̀. Eérú gbígbẹ wúlò nínú agbada kan lábẹ́ òrùlé, níbi tí adìẹ á ti máa fi wẹ̀ láti lé iná ara wọn. Izal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n bá ti kan ìgbẹ́ àti erùpẹ̀, agbára wọn á dín kù. Owó tí wọ́n ń ná sórí wọn lóṣù kẹfà, ìbá ti ra gọ́tà òrùlé lóṣù kejì.

Nínú gbogbo àrùn tí ilẹ̀ tútù ń fà, èyí tó ń pa òròmọdìẹ jù ni coccidiosis, àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹyin kòkòrò rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ń bá ìgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò lè ṣe adìẹ kankan ní nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ó nílò ọjọ́ kan tàbí méjì nínú ọ̀rinrin àti ooru kó tó gbó. Ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, púpọ̀ nínú wọn ń kú kí wọ́n tó gbó. Ibi tí ilẹ̀ ti tutù, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbó, ọ̀pọ̀ apakòkòrò inú ilé kò sì ràn wọ́n. Àwọn tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ ló ń mú jù. Wọ́n á ká gúlútú, ìyẹ́ wọn á wú, ẹ̀jẹ̀ á sì wà nínú ìgbẹ́ wọn. Oògùn bí i amprolium wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ẹran, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá tètè lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fún wọn lóògùn lórí ilẹ̀ tútù kan náà á tún padà rà á. Aràn inú adìẹ náà ń gba ilẹ̀ wọlé: ẹyin rẹ̀ ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú erùpẹ̀ kó tó lè ran adìẹ mìíràn, ó sì lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀ níbi tí òjìji àti ọ̀rinrin bá wà. Ní ti omi adágún ẹ̀bá àgbàlá, ẹ̀fọn ń yé sí i, ẹ̀fọn náà ló sì ń gbé àrùn tó ń hu kókó sí ogbe àti ojú adìẹ kiri.

Omi kan wà tí kì í ti ojú ọ̀run wá. Igbá tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún omi mímu ni adìẹ ń tẹ̀, tí wọ́n ń dà nù, tí wọ́n sì ń su sí. Kí ẹnu ohun ìmumi ga dé ìwọ̀n ẹ̀yìn adìẹ, kí wọ́n sì gbé e ka orí férémù pákó tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò, tí gíránáìtì wà lábẹ́ rẹ̀, kí èyí tó bá ń kán sílẹ̀ má kan ohun ìtẹ́lẹ̀. Òwe sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ á mọ̀. Òwe náà dára fún ọ̀rọ̀ ọmọ aráyé, ṣùgbọ́n adìẹ kò ní ihò òógùn rárá: ẹnu ló fi ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ooru bá mú un, omi ló sì ń mu láti fi tu ara, ìgbẹ́ rẹ̀ á wá rọ̀. Èyí ló fà á tí ilẹ̀ fi ń tutù láàárín òjò méjì tí ooru mú, bí òjò kò tilẹ̀ wọlé. Iye adìẹ náà ṣe pàtàkì. Nínú àgbàlá, mítà onígun mẹ́rin kan fún adìẹ kan ni ìwọ̀n tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ rí àyè gbẹ. Ẹni tó bá kó ogójì sí àyè ogún nítorí ọdún Kérésì, kó má bínú sí òjò.

Ọdún ní àkókò tirẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù kọkànlá sí ìkejì ni gọ́tà, òrùlé àti gbígbé ilẹ̀ sókè. Ìgbà yẹn náà ni kí wọ́n fá ínǹṣì méjì òkè ilẹ̀ kúrò, kí oòrùn ọyẹ́ lè jó ẹyin aràn tó ṣẹ́kù. Ìsinmi oṣù kẹjọ ni kí wọ́n fi kó gbogbo ohun ìtẹ́lẹ̀ jáde kí wọ́n sì tẹ́ tuntun kí òjò kejì tó dé. Àwọn tó ní àyè tó ju ọ̀kan lọ lè pín in sí méjì pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, kí adìẹ wà ní apá kan, kí wọ́n gbin ewédú tàbí àgbàdo sí èkejì. Ìsinmi tí ilẹ̀ ń rí báyìí ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í pa aràn tán. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló ń sún mọ́ ìyẹn.

Ohun tí wọ́n kó jáde kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ìgbẹ́ tó ti pò mọ́ èérún pákó, tí wọ́n kó jọ lábẹ́ ìbòrí fún oṣù méjì mẹ́ta títí tó fi dẹ́kun gbígbóná, ni àwọn olóko tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ń wá kiri. Tútù rẹ̀ ń jó ewé. Ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, ilé-iṣẹ́ Songhai tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ti fi hàn pé irú ìdọ̀tí báyìí lè di gáàsì ìdáná, kó sì di ìdin fún oúnjẹ ẹja. Ẹni tó ní adìẹ ogún kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Àpò tó di lẹ́nu àti oníbàárà kan ti tó. Gọ́tà àdúgbò ni kò gbọdọ̀ rí i. Ìgbẹ́ tí wọ́n dà sí gọ́tà ní òjò oṣù kẹfà ń dí ọ̀nà omi, omi náà á sì padà sínú àgbàlá ẹni tó dà á. Yàtọ̀ sí èyí, aládùúgbò tí òórùn ń dà láàmú lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹjọ́ sun LASEPA, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Nígbà mìíràn, omi á wọlé láìka gbogbo ètò yìí sí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, adìẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó jáde sí ibi gbígbẹ, ì báà ṣe ìdí àtẹ̀gùn tàbí gáréèjì. Gbogbo ohun ìtẹ́lẹ̀ tó rì ni kí wọ́n kó dànù lọ́jọ́ náà gan-an. Gbígbẹ rẹ̀ kò ṣeé retí. Oúnjẹ tí omi kàn kò yẹ fún jíjẹ mọ́, nítorí ebu. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ojú ilẹ̀ bá ti fẹ́, kí wọ́n tẹ́ tuntun, kí wọ́n sì ṣọ́ ìgbẹ́ òròmọdìẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àgbàlá tí omi bá bò lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti so gọ́tà tí wọ́n sì ti gbé ilẹ̀ sókè, kì í ṣe ibi tí adìẹ lè máa gbé nílẹ̀. Kí olóhun kó wọn sínú kéèjì tó fi ẹsẹ̀ dúró, tàbí kó má sin adìẹ níbẹ̀ láti oṣù kẹrin títí dé ìkẹwàá.